Gbólóhùn Tí Wọ́n Fi Ń Kọ Ebè

Òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì kì í rí gíláàsì ojú rẹ̀. Á gbé e sórí, á máa wá a nínú dúróà, á máa wá a lábẹ́ ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá ń wá a, ohun kan náà ló máa ń sọ fún wa: "Bear with me, girls." Àwa ọmọge tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì á dákẹ́ jẹ́ẹ́, a ó máa wo gíláàsì lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún un. A gbádùn ìyẹn ju ẹ̀kọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan ó rí gíláàsì náà tán, ó wá bi wá bóyá a tilẹ̀ mọ ohun tí òun ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí.

Mo nawọ́. Èmi kì í pẹ́ nawọ́. Bí mo bá mọ nǹkan, mo nawọ́. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo ti nawọ́ kí n tó rántí pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti rí "bear" yẹn nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí igi ti ń so èso, tí ènìyàn sì ń ru ẹrù. Mo ní mísìsì ń bẹ̀ wá kí á bá òun ru nǹkan. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mísìsì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, pé ẹni tó bá sọ ọ́ ń bẹ̀bẹ̀ ni, pé kí a ní sùúrù fún òun, kí a fara da ìdíwọ́ òun títí òun yóò fi ṣe tán. Ó ní kí kálukú wa fi í ṣe gbólóhùn kan.

Gbólóhùn tèmi ni ó kà sókè fún gbogbo kíláàsì. Mo kọ ọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Kábà tó ń kọ ebè fún bàbá mi nítorí mi, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù fún mi títí n ó fi di tíṣà. Mísìsì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní gbólóhùn náà ní ẹ̀mí nínú. Mo gbé orí sókè bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ọkùnrin tí mo fi ṣe gbólóhùn yẹn, n kò tíì bẹ̀ ẹ́ rí. Gbólóhùn ni mo fi í ṣe, ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ebè ṣe jẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa láyé ìgbà yẹn, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn kì í fi ẹnu lásán fẹ́ ẹ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀, á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé ọkọ́, wọ́n á lọ kọ ebè iṣu sí oko bàbá ọmọbìnrin náà. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Ọdọọdún ni, títí ìyàwó yóò fi wọlé. Bí ọmọbìnrin bá wá sọ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn pé òun kò fẹ́, nínú agbo ilé tiwa, a kì í fi nǹkan mìíràn dí i. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọ̀wẹ̀ ni a ó dá padà. Bàbá tó fi ẹnu ara rẹ̀ gba àna ni yóò gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹni náà, tí yóò sì kọ ebè. Àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré, nítorí kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ wo ni yóò jẹ́ kí bàbá òun débẹ̀?

Bàbá mi kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Òun ń kírun, ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wa sì gba àwọn méjèèjì láìsí ìjà. Ọdún tí mo jáde ilé ìwé kékeré ni ọkùnrin kan wá láti àdúgbò kejì, ó bá bàbá mi, ó ní òun rí mi, òun sì ń fẹ́. Ó jù mí lọ dáadáa. Ó ga, ẹnu rẹ̀ dùn, bó bá ń sọ̀rọ̀ ìwọ náà á máa wá ibi tí wàá ti rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pè mí, ó bi mí lójú rẹ̀. Mo bo ẹnu, mo sá wọlé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn túmọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ ni." N kò purọ́ nígbà yẹn o. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí bàbá mi bá mi bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ná, ó sì gbà. Ó ní kò burú, òun kò ní sanwó ilé ìwé fún ọmọ òun mọ́ nìyẹn, ìyá wọn ni yóò máa kọ́ wọn.

Bí ọ̀wẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oko bàbá mi fẹ̀ sí i, iṣu pọ̀ sí i, iṣu yẹn náà ni bàbá mi sì ń tà tó fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà obìnrin, ní ìlú tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fi odindi ọjọ́ rìn dé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Òógùn ọkùnrin yìí ni mo fi ń kàwé, ìwé tí mo ń kà náà ni mo sì fi ń dá a dúró. Kò sí ẹni tó ní láti là á yé mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ ara mi, ọwọ́ ni mo fi bò ó.

Ìsinmi Àjíǹde tó tẹ̀lé gbólóhùn mi ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Èmi àti ìyá mi gbé oúnjẹ lọ sóko fún àwọn ọlọ́wẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà tò lọ gbọọrọ, ọkọ́ ń lọ sókè, ọkọ́ ń bọ̀ wálẹ̀, ebè ń dìde níwájú wọn.

"Okun o," ni ìyá mi kí wọn.

"Okun, ìyá," ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà.

Àfẹ́sọ́nà mi kò jókòó. Ó bá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo gbé omi sí. Ó ní, "Ìgbà wo lo máa padà wálé pátápátá? Àwọn tí o ń wò yìí ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ìwé lo fẹ́, kì í ṣe èmi."

Mo fẹ̀ láyà. "Bear with me," ni mo wí.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, bùọ̀dá. Mo ní kí ẹ ní sùúrù fún mi, kí ẹ bá mi fara dà á."

"Bíà wìdì mi." Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Gbogbo sùúrù tí mo ń ní láti ọjọ́ yìí, ó ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, o kò sì sọ fún mi?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn, òun ló kúrú jù, òun náà ló láriwo jù. Bí wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé ọkọ́ sókè, ó ké, "Bíà!" Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Wìdì mi!" Ọkọ́ gbogbo wọn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti di igbe iṣẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan á pè é bí ọkọ́ bá lọ sókè, gbogbo wọn á gbè é bí ọkọ́ bá balẹ̀. Bàbá mi wà lókè oko níbi tó ti ń fi omi bútà ṣe àlùwàlá. Ó dúró, ó ń wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ ń yá. N kò sọ fún un pé ẹnu ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo rò pé eré ni.

Nígbà tí ọdún yí po, eré náà ti tán lójú mi. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ti ń fún wa ní àwọn ọmọ kéékèèké láti kọ́ láràárọ̀, mo sì ti rí ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mo fẹ́ dúró níwájú pátákó dúdú, kí ẹfun bò mí lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ máa ka ohun tí mo bá kọ. Bí mo bá ro ilé ọkọ, oko nìkan ni mo ń rí, kí n jí, kí n pọnmi, kí n gbé agbọ̀n tẹ̀lé e lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà Ekinrin-Adde. Kò sí ọkùnrin mìíràn o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá, ìbá sì sàn bẹ́ẹ̀, wọn ìbá rí ẹni bú. Èmi gan-an kò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ náà jáde. Ó jáde bí àlejò tí kò fẹ́ dá onílé láàmú.

Ó tún bi mí ní ọdún yẹn. Mo tún fi gbólóhùn yẹn dáhùn. Kò bi mí ní ìtumọ̀ mọ́. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ á máa sọ ọ́, èmi á máa ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ẹ wo ìwà ẹni tó jẹ̀bi. Mo bínú sí i. Mo bínú sí i nítorí pé ó ní sùúrù. Ká ní ó bú mi ni, èmi náà á bú u padà, a ó sì jọ pín ẹ̀bi náà. Kò bú mi, gbogbo rẹ̀ sì kù sọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn n kò lè gbé omi lọ fún wọn mọ́. Ìyá mi á ní kí n gbé ìkòkò, n ó ní orí ń fọ́ mi. Oko wa kò jìnnà sílé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ọ̀hún, mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, bíà, wìdì mi, bíà, wìdì mi, láti òwúrọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fi ń dá wọn dúró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ fún bàbá mi. Mo ki ìka bọ etí. Ìyá mi yọ sí mi báyìí, ó wò mí.

"Orí ló ń fọ́ ọ," ni ó wí, "etí lò ń dì." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbé ìkòkò omi náà fúnra rẹ̀.

Mo ṣe tán nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi mí sí ilé ìwé kan nílé wa ní Kábà, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó kéré jù. Àwáwí tán. Ó ku díẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi wá bá mi nílé. Ó wọ dàńṣíkí tó mọ́, ó ti gé irun. Ìyá mi ti lọ sọ́jà, bàbá mi wà lóko. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

Ó ní, "Ọmọ àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sáré kiri. Ẹni kúkúrú yẹn ti bí ìbejì. O ti di tíṣà, kò sì sí ohun tó tún kù tí à ń dúró dè. Òjò fẹ́ rọ̀. Ṣé kí n kó wọn lọ sí oko bàbá rẹ lọ́dún yìí, tàbí kí n má kó wọn lọ?"

Mo la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ ni òtítọ́. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu mi ni, "Bear with—"

"Rárá." Ó nawọ́ sókè. "Mo ti bíà-wìdì rẹ tó. Lọ́dún tó kọjá tí o sọ ọ́, ilẹ̀ lò ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó bá jẹ́, má fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ni mo wí.

Inú bí i, mo rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń le. "O ìbá ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí," ni ó wí. "Èmi kì í ṣe èèkàn tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́." Ó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ó pàdé ìyá mi tó ń ti ọjà bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Okun, ìyá," ó bá a sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ kó tó lọ. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ èèkàn lọ. Ìyá mi wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní ṣé wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ni.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni mo sọ fún bàbá mi. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ nínú àgbàlá. Mo ti ń retí kó pariwo, mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Kò pariwo.

"Ṣé ó lù ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ó bú ọ?"

"Kò bú mi."

"O rí ẹlòmíràn?"

"N kò rí ẹnikẹ́ni, Bàbá. Kò kàn wù mí mọ́ ni."

Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. "N kò ní fipá gbé ọ fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí ni mo fi gbà á. Ẹyin lohùn." Ó yí padà sí ìyá mi. "Bá mi wá ọkọ́ mi ńlá. Òjò kò ní pẹ́."

Mo ti gbàgbé. Àbí kí n sọ òtítọ́, mo ti rò pé kò ní rántí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní mo ti ń gba owó oṣù báyìí, kí wọ́n jẹ́ kí n háyà lébìrà tí yóò lọ kọ ebè náà, wọ́n á kọ ju èyí tí wọ́n kọ fún wa lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni mo sọ. Bàbá mi wò mí bí ẹni tí kò mọ ilé tí mo ti wá.

"Ṣé lébìrà ló bí ọ?" ni ó bi mí. "Ṣé lébìrà ló bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá yìí? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo jẹ iṣu náà. Ìwọ náà jẹ ẹ́."

Nínú àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi tí wọn ìbá tẹ̀lé e, àwọn kan ti kú, àwọn yòókù ń fi ọ̀pá rìn. Òun nìkan ni yóò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ta dé etí ọkùnrin náà, ó sì wá sílé wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo ti yọ̀ǹda ọ̀wẹ̀ náà. Ẹ má wulẹ̀ wá. Wọn yóò ní mo ń fi àgbàlagbà ṣe ẹrú."

"Bí o bá yọ̀ǹda rẹ̀," ni bàbá mi wí, "mo di ẹni tí a ṣàánú fún láàárín ìlú. Ibo ni ojú oko náà bẹ̀rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà gbé ojú sókè wò mí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá mi náà wò mí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi, "bẹ́ẹ̀ ni" kékeré báyìí, bí mo bá sọ ọ́, bàbá mi á jókòó sílé. Mo pa ẹnu mọ́. Èyí ni n kò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ṣèlérí pé bí ọjọ́ náà bá tún padà wá, ẹnu mi á là. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bi náà kò fi gbó.

Òjò rọ̀. Bàbá mi gbé ọkọ́ àti bútà, ó lọ. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, mo wà nínú kíláàsì. Ọmọ kan ń kàwé lọ́ra, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá gbá tábìlì. Gbogbo wọn wárìrì. Ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan fún mi. Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá mi tó ń fi omi gbígbóná wẹ ọwọ́ bàbá mi nínú abọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ń bá a ṣàwàdà pé ọwọ́ òun ti gbàgbé iṣẹ́, pé àwọn àna ni wọ́n bà á jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Má fi ẹkún kún un fún mi," ni ìyá mi wí. "Lọ gbé òrí wá."

Bó ṣe ń lọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin lódò á ti máa sọ̀rọ̀, bí mo bá dé, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ nípa ọṣẹ. Ẹni kúkúrú yẹn kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá bàbá mi lóko pé kí àwọn ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi lé wọn. Ó ní bí àwọn tó ṣe ọ̀wẹ̀ bá tún ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ dá padà fún wọn, ta ló wá ṣe kí ni fún ta ni?

Ọjọ́ Sátidé, tí kò sí ilé ìwé, mo gbé ìkòkò omi rù, mo tẹ̀lé e. N kò tún lè ní orí ń fọ́ mi. Lójú ọ̀nà, bó ṣe ń rìn níwájú mi tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó bi mí pé, "Igbe tí àwọn ọmọ yẹn máa ń ké nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ fún mi, èdè wo ni? Ó máa ń mú ọkọ́ fúyẹ́. Mo rò pé Tápà ni."

"N kò mọ̀, Bàbá," ni mo wí.

Tíṣà ni mí o, n kò mọ̀.

A dé oko náà. Ọkùnrin náà wà ní apá kejì, ó ń ro oko tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò lè lé àgbàlagbà, kò sì lè wò ó. Bàbá mi kí i ní "Okun o," ó dáhùn láìyíjú padà. Mo gbé omi kalẹ̀, mo wo ebè tí bàbá mi ti kọ láti ọjọ́ tó ti ń bọ̀. Wọ́n kéré. Wọ́n wọ́. Ọkọ́ á lọ sókè, á dúró díẹ̀ lókè, kó tó balẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko wọn ń kí wa, wọ́n sì ń yára kọjá. Ojú ń tì mí, bí ojú bá sì ti ń tì mí, ara mi a máa gbóná.

"Bàbá, ó tó lónìí," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Wọ́n ń wò wá."

Ó mu omi, ó nu ẹnu, ó padà sídìí ebè. Ó gbé ọkọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ.

"Bíà!"

Ọkọ́ balẹ̀. Kò sí ẹni tó gbè é. Ó tún gbé e sókè, ohùn rẹ̀ ti ń já. "Bíà!" Ní apá kejì oko, ọkọ́ ọkùnrin náà dákẹ́. Òun náà kò gbè é. Ó dúró síbẹ̀, ó tẹ orí ba. Bàbá mi fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ń mí. Ó gbé e sókè ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pè é, ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Wìdì mi," ni mo wí.

Ó rọra sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó yíjú padà.

"O mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni mo fi kọ́ wọn, Bàbá. Kì í ṣe Tápà. Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Kí ló wí?"

Mo ti fi í ṣe gbólóhùn rí fún mísìsì, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò wúwo lẹ́nu mi rí àfi ọjọ́ yẹn. "Ó ní kí ẹ ní sùúrù fún mi, Bàbá. Kí ẹ bá mi fara dà á."

Bàbá mi wo ilẹ̀ tó kù tí kò tíì kọ. Ó wo ọkùnrin tó dúró lọ́hùn-ún. Ó wá wò mí. Mo ń dúró kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú rẹ̀, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tún gbá ọkọ́ mú.

"Ó dáa," ni ó wí. "Gbè é sókè dáadáa, n kò gbọ́ ọ."

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó pè é. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, mo sì ń gbè é títí tó fi kọ ebè ọjọ́ náà tán.